Tòmátì tí a fi koríko bò: omi mélòó?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn tó ń gbin tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn sí àkúrọ̀ sọ̀rọ̀, àti àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ tí ìjọba ń rán sí wọn.

Wọ́n ní ká máa fi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ tòmátì. Ó dára, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ iye omi tó yẹ ká dín kù? Ọ̀pọ̀ ṣì ń bomi rin ín bí ẹni tí kò bo nǹkan kan, tí ẹ̀rọ ń mu epo bẹntiróòlù dànù. Àwọn mìíràn gbọ́ pé koríko ń pa omi mọ́, ni wọ́n bá pa oko tì fún odindi ọ̀sẹ̀!

Ọ̀nà méjì lomi oko ń gbà lọ: oòrùn ń fà á nínú ilẹ̀, tòmátì náà ń mu tirẹ̀. Oòrùn nìkan ni koríko ń dí lọ́wọ́, kò lè ní kí tòmátì má mu omi. Nígbà tí irúgbìn ṣì kéré, tí ilẹ̀ wà gbayawu, ìgbà náà lèrè koríko pọ̀ jù. Tí ewé bá ti bo ilẹ̀, tó ń tanná, tó ń so, èrè yẹn kéré, ìgbà náà gan-an ni òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ jù.

Àjọ FAO kọ ọ́ pé tòmátì tó lo 90 sí 120 ọjọ́ ń fẹ́ omi 400 sí 600 mìlímítà. Lítà 400 sí 600 nìyẹn lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ọ̀rá la tẹ́, omi lè fi 10 sí 30 dín nínú ọgọ́rùn-ún. Garawa mẹ́wàá á di mẹ́sàn-án tàbí méje, kò lè di mẹ́ta. Èmi ò rò pé koríko tiwa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Ikán sì fẹ́ràn rẹ̀ o, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.)

Tómi bá pọ̀ lónìí, tó gbẹ lọ́la, ìdí èso á dúdú. Àwọn kan á sáré lọ ra oògùn kòkòrò. Kòkòrò kọ́, omi tí kò ṣe déédéé ni. Ẹ má sì wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sórí koríko, koríko ni yóò mu ún. Ẹ ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ti ìka bọlẹ̀, kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àgbẹ̀, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, ẹ ya bẹ́ẹ̀dì méjì sọ́tọ̀ lábúlé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bo ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀, káwọn èèyàn fi garawa ka omi méjèèjì fúnra wọn.

Èmi ni,
Àgbẹ̀ Àkúrọ̀,
Ìsẹ́yìn.