Ìwé Ètò Ọ̀sẹ̀ Olórí Ìlú: Ta Ni Ó Ni Ín?

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Ọ̀rọ̀ ìwé ètò ọ̀sẹ̀ olórí orílẹ̀-èdè ni: ọjọ́ tí yóò ṣe ìpàdé, ọjọ́ tí yóò gba àlejò, ọjọ́ tí yóò lọ síbi ayẹyẹ, àti àwọn tí yóò rí ojú rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti fi ọdún púpọ̀ ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá ń kọ ìwé ètò fún ọ̀gá ni ó mọ inú ọ̀gá jù. Ó mọ àlejò tí a tètè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mọ èyí tí a ní kí ó padà wá lọ́la, títí ọ̀la fi di oṣù kẹta. Ọ̀gá lè fi ẹnu sọ pé kò sí ẹni tí òun kò fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ìwé ètò rẹ̀ kì í purọ́.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú olórí nìkan. Abala 148 pàṣẹ pé kí Ààrẹ máa bá igbákejì rẹ̀ àti gbogbo mínísítà ṣe ìpàdé déédéé, láti pinnu ọ̀nà tí ìjọba yóò tọ̀, láti so iṣẹ́ wọn pọ̀, àti láti gba ìmọ̀ràn wọn. Abala 193 pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún gómìnà. Òfin kò dárúkọ ọjọ́, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ ní Abuja, Ọjọ́rú ni a mọ̀ mọ́ ìpàdé náà. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dé, Ọjọ́ Ajé, 28 August 2023, ni ó kọ́kọ́ bá àwọn mínísítà rẹ̀ jókòó. Ẹ̀yin oníṣòwò kò ní bínú sí Ọjọ́ Ajé, bí ajé bá ṣáà ti lè bá a wọlé.

Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ni ó kan ìyá tí ń ta ọsàn ní Ọ̀rẹ̀ nínú èyí? Ó kàn án gidigidi. Ọ̀nà Ṣágámù sí Benin tí ó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, ìpàdé àwọn mínísítà sì ni a ti ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó gba ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2009 kò tí ì gbàgbé bí ọkọ̀ ti ń sùn sójú ọ̀nà, tí ẹrù ń bàjẹ́, tí aboyún àti arúgbó ń mójú mọ́ lórí ìjókòó. Bí ìpàdé bá yẹ̀ ní Abuja, iṣẹ́ a dúró. Ẹni tí yóò sì san owó ìdádúró náà ni oníṣòwò tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ rà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àròsọ ni. Ní 29 May 2015 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari búra. 11 November ọdún kan náà ni àwọn mínísítà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ búra. Oṣù márùn-ún ó lé ni ó fi ṣe ìjọba láìsí ìpàdé mínísítà kan. Ṣáájú èyí, ní 23 November 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní ilẹ̀ Saudi Arabia láìfi àṣẹ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó di 9 February 2010 kí àwọn aṣòfin tó fi Goodluck Jonathan ṣe adelé Ààrẹ. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹni tí kò lè ṣe. Àìsọ fún onílé ni ó ń da ilé rú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1803, nígbà ayé Ọba George Kẹta, ni a ti ń kéde iṣẹ́ òòjọ́ ọba fún ará ìlú. Bí ilé aṣòfin wọn bá sì ń jókòó, gbogbo Ọjọ́rú ni olórí ìjọba ń dìde dáhùn ìbéèrè. Kí a má sì pè é ní àṣà àjèjì. Nílẹ̀ Yorùbá, ọjà ní ọjọ́ tirẹ̀, ọba sì ní ọjọ́ tí ó ń bá àwọn ìjòyè rẹ̀ jókòó. Ọmọdé pàápàá kì í ṣì í mọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá kéde ìrìn olórí, àwọn ẹni ibi yóò lúgọ dè é. Òótọ́ ni. A kò bèèrè ọ̀nà tí yóò gbà tàbí wákàtí tí yóò jáde. Ohun tí a ń bèèrè ni iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀, àti, ní ìparí ọ̀sẹ̀, èyí tí ó ṣe àti èyí tí ó yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ó má gba ìwé lọ́wọ́ àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè, tàbí kí ó má bá ẹni ọ̀wọ̀ ṣe ayẹyẹ. Ayẹyẹ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ àyè iṣẹ́.

Ní August 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra la ilẹ̀ Midwest já, Ọ̀rẹ̀ ni a ti dá wọn dúró, títí ìjà Ọ̀rẹ̀ fi di àṣàyàn ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Ní ọjọ́ wọ̀nyí, kò sí aláṣẹ kan ní Èkó tí kò mọ orúkọ ìlú náà. Ṣé ogun nìkan ni ó yẹ kí ó mú Ọ̀rẹ̀ wọ inú ọ̀sẹ̀ olórí? Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ òfuurufú kọjá lórí Ọ̀rẹ̀ kò lè rí kòtò.

Nítorí náà, a bẹ àwọn aláṣẹ ní Abuja àti ní Àkúrẹ́ pé kí ọjọ́ ìpàdé dúró bí ọjọ́ ọjà. A sì bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, tí Ọ̀rẹ̀ jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, pé kí ó kọ ọjọ́ tí alága ń gbọ́ ẹjọ́ oníṣòwò sára pátákó, kí gbogbo ojú rí i. Ẹ̀yin òǹkàwé wa pẹ̀lú, ẹ má dúró de olórí nílé. Ẹ máa bèèrè ọjọ́ náà. Bí ó bá sì pé, ẹ lọ. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.