Ẹ Má Ta Ilẹ̀ Nítorí Abẹ́rẹ́ Exosome

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá kí òun fi abẹ́rẹ́ exosome wo jẹjẹrẹ sàn, irọ́ ló ń pa. Ìwádìí náà kì í ṣe irọ́ o. Àpò tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde ni exosome. Èyí tó wá láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara lè fi jẹjẹrẹ han àwọn yòókù pé ọ̀tá nìyí. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi ṣẹ́gun jẹjẹrẹ lára eku. Eku, ẹ gbọ́ o!

Nígbà tó kan ènìyàn ńkọ́? Àbájáde ọdún 2016 ní Faransé: aláìsàn 22 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n retí pé àrùn náà yóò dúró sójú kan fún oṣù mẹ́rin lára ìdajì wọn. Àwọn 7 péré ni. Àwọn dókítà náà kò fi pamọ́.

Ní oṣù Kejìlá 2019, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí exosome kankan. Títí di òní, kò sí. Kí wá ni oníṣòwò ń tà? Ẹ bi í léèrè: ta ló fọwọ́ sí i? Ẹni mélòó ló ti lò ó, kí ló sì gbẹ̀yìn wọn? Bó bá ń bèèrè owó kó tó dáhùn, ẹ dìde ńbẹ̀, ẹ gbé aláìsàn yín lọ sọ́dọ̀ dókítà jẹjẹrẹ kí ọjọ́ tó lọ.