Oògùn Tí Ń Gba Ọpọlọ Wo Àtọ̀gbẹ
Ohun kan wà nínú ọpọlọ tí oníṣègùn ń pè ní serotonin. Ó wà lára ohun tí ń sọ fún wa pé a ti yó. Ní 2007, wọ́n rí i pé oògùn tí ń ṣe bíi tirẹ̀ ń jẹ́ kí ara eku káwọ́ ṣúgà, bí eku náà kò tilẹ̀ dín oúnjẹ kù. Irú rẹ̀ ni lorcaserin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2012 fún àwọn tó sanra jù. Ṣúgà àwọn alátọ̀gbẹ tó lò ó sì dínkù. Ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára 12,000 ènìyàn, jẹjẹrẹ pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó lò ó, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní 2020. Bí olóògùn kan bá dárúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ má rà á. Èyí tí dókítà fún yín ni kí ẹ máa lò lọ.