Eré Tí Kò Ní Réfírì

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a lọ kí àbúrò wa àti ìyàwó rẹ̀ ní Brooklyn, nílùú New York. Ilé wọn kò rójú. Ọmọ wọn ọkùnrin, ẹni ọdún 15, fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí à ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Bàbá ní eré náà yóò sọ ọmọ òun di ìpáǹle. Ìyá ní ẹgbẹ́ búburú ló ń ba òun lẹ́rù. Ọmọ náà kò bá wọn jẹun pọ̀ mọ́. A wá sọ fún àbúrò wa pé kí ó bá wa lọ wo ibi tí ọmọ ń lọ, kí ó tó dájọ́.

Brooklyn Bridge Park ni ibẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ létí odò East River. Èbúté ni tẹ́lẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù títí di ọdún 1983. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣí Pier 2 fún eré ìdárayá, pẹ̀lú pápá básíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ òrùlé. Láti ibẹ̀, à ń wo àwọn ilé gogoro Manhattan ní òdìkejì odò, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí wa lára. A kò san kọ́bọ̀.

Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò mọ orúkọ ara wọn. Ẹni tó bá dé yóò béèrè ẹni tí ó kàn, yóò sì dúró de ipò tirẹ̀. Ẹni márùn-ún kojú ẹni márùn-ún. Ẹgbẹ́ tó bá borí dúró, èyí tó pàdánù bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí réfírì. Bí wọ́n bá ṣẹ ẹnìkan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ké pé fáwùlù ni.

Nígbà tó kù diẹ̀ kí eré parí, ẹgbẹ́ méjèèjì ní 10. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 11 ló borí. Bọ́ọ̀lù jáde, ariwo sì ta. Ẹgbẹ́ kìíní ní tàwọn ni, ẹgbẹ́ kejì ní irọ́ ni. Ọmọ wa na ọwọ́ sókè, ó ní òun ni òun fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fajú ro. Àwọn kejì gbà á, wọ́n jù ú sáwọ̀n. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ipò tó tún kan ọmọ wa.

Bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan títí a fi ń lọ sílé. Ó wá bi í pé, “Ṣé bí o ṣe máa ń ṣe nìyẹn?” Ọmọ náà ní, “Dádì, bí a bá ń parọ́, kò ní sí eré mọ́.” Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wọn jọ jẹun.

Ẹ̀yin òbí, ìpáǹle kọ́ ló dá eré yìí sílẹ̀. James Naismith, ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run, ló dá a sílẹ̀ ní December 1891, ní ilé-ẹ̀kọ́ YMCA ti àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni ní Springfield, Massachusetts. Agbọ̀n èso méjì ló gbé kọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sókè, ó sì kọ òfin 13 tí kò fàyè gba jàgídíjàgan. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, náà gbá irú bọ́ọ̀lù àìní-réfírì yìí ní Houston pẹ̀lú àgbà eléré, Moses Malone, kí òun àti Rockets tó gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995.

A kò sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò di Olajuwon. A kò sì sọ pé kí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ láìbojútó. Àbúrò wa ṣe òfin tirẹ̀: iṣẹ́ ilé-ìwé ṣáájú, kí ọmọ sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n òun náà ń bá a lọ nígbà mìíràn, ó ń jókòó sí etí odò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ lọ wo bóyá èyí tí ẹ fún ọmọ yín ṣì wà lára rẹ̀.