Ìdajì Ìtàn Lẹ́bàá Ọ̀nà

Arìnrìn-àjò tó bá ń gba Fourth of July Pass kọjá ní ìpínlẹ̀ Idaho, l'Amẹ́ríkà, yóò bá àmì ìrántí pàdé lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tí John Mullan kó sòdí ti ṣe àjọ̀dún òmìnira ilẹ̀ wọn ní ọdún 1861, tí wọ́n gbẹ́ ọjọ́ náà sára igi, pẹ̀lú lẹ́tà méjì: M.R. Ọ̀pọ̀ rò pé orúkọ Mullan ni. Ọ̀nà ológun ni ó dúró fún.

Ọ̀nà náà gùn tó máìlì 624, láti Fort Walla Walla títí dé Fort Benton. Àmọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó là kọjá. Ní 1858, ìròyìn ọ̀nà yìí wà lára ohun tó mú àwọn Coeur d'Alene àti Spokane gbé ogun dìde. Ọ̀gágun George Wright ṣẹ́gun wọn, ó so àwọn kan rọ̀, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹṣin wọn. Lọ́dún 1859 ni iṣẹ́ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀.

Ìjì ti ṣẹ́ igi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àmì tó bá dárúkọ ẹni tó la ọ̀nà, tí kò dárúkọ onílẹ̀, ìdajì ìtàn ló sọ.