Ta Ló Ní Koríko Tútù Ń Jẹrà Nínú Ọ̀rá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó gbọ́ ní gáà Fúlàní, tí ẹ ó gbọ́ lọ́jà Ṣakí, tí ẹ ó tún gbọ́ lẹ́nu àgbẹ̀ tí kò sin ẹran rí láyé rẹ̀: pé koríko tútù téèyàn bá dì sínú ọ̀rá, jíjẹrà ni yóò jẹrà, màlúù tó bá sì jẹ ẹ́, kíkú ni yóò kú. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń gbówó lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri wàrà, ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ẹ wo bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Láti oṣù Igbe títí wọ Ọ̀wàrà, òjò ń rọ̀ ní Òkè-Ògùn, ìkin àti èèsún ga ju èèyàn lọ, màlúù kò lè jẹ ẹ́ tán. Tó bá di Bélú, òjò á ká kúrò. Kí Ọ̀pẹ tó parí, ọyẹ́ ti fẹ́ koríko gbẹ, iná ọdẹ ti jó ìyókù. Koríko tó bá gbẹ lórí ìdúró kò lágbára mọ́. Ká sọ pé a yọ omi inú rẹ̀ kúrò pátápátá, nínú kílò 100, èròjà amúaradàgbà rẹ̀ kì í sábà ju kílò 2 sí 4 lọ. Bẹ́ẹ̀, tí kò bá tó 7, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá màlúù da oúnjẹ nínú kì í lè ṣiṣẹ́ wọn dáadáa. Ẹran á jẹ, ikùn á kún, á sì máa rù. Ọmú á gbẹ. Àwọn kan á ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ìgbà wàrà. Ọlọ́run kọ́ ló gbé ìṣáná lé ọdẹ lọ́wọ́.

Ẹni tó ní ohun tútù tí a sé mọ́ gbọ́dọ̀ jẹrà, kó lọ dé ìdí ìkòkò ògì ìyá rẹ̀. Àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tó wà lábẹ́ omi lọ́jọ́ mélòó kan, kí ló dé tí kì í jẹrà? Ó kan ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà lára àgbàdo náà tí wọ́n ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n ń mú un kan. Bí kíkan yẹn bá ti le tó, àwọn tó ń mú nǹkan rà kò ní lè gbébẹ̀ mọ́. Ọ̀kan tó pọ̀ gan-an nínú ògì ni Lactobacillus plantarum. Òun náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń dì tà fún àwọn olówó màlúù kí wọ́n wọ́n ọn sórí koríko kí wọ́n tó sé e. Àwa ń dà á nù pẹ̀lú omi ògì. Sílèèjì tí wọ́n ń pariwo kò ju ìyẹn náà lọ: a gé koríko, a lé afẹ́fẹ́ jáde, ó kan, kíkan rẹ̀ pa á mọ́.

Kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1877, Auguste Goffart, àgbẹ̀ ará Faransé, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń sé igi àgbàdo tútù mọ́ fún ẹran. Ní 1945, wọ́n fún A. I. Virtanen, ará Finland, ní ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì, pàápàá nítorí ọ̀nà tó gbà ń pa oúnjẹ ẹran mọ́: ó rí i pé bí koríko bá tètè kan, kì í bàjẹ́. Ẹ ó ní ilẹ̀ òyìnbó nìyẹn, ibẹ̀ tutù. Ìbàdàn ńkọ́? Ní Yunifásítì Ìbàdàn, O. J. Babayemi gé ìkin tó hù fún ọ̀sẹ̀ 4 àti èyí tó hù fún ọ̀sẹ̀ 12, ó sé e mọ́, ó fi bọ́ àgùntàn ilẹ̀ wa, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Ìkin ni, irú èyí tó kún ojú ọ̀nà láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí.

Mi ò sọ pé ẹni tó rí ọ̀rá tó rùn purọ́. Ó rí i. Ohun tí kò rí ni ohun tó fà á. Ẹni tó ju koríko gígùn sínú àpò, tó so ó lẹ́nu, afẹ́fẹ́ ló dì pa mọ́, afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀tá. Ṣe ni ká gé e wẹ́wẹ́, kó má gùn ju oríkèé ìka kan lọ, ká máa kì í ní ìpele-ìpele, ká máa tẹ̀ ẹ́ títí ìka kò fi ní lè ráyè wọ inú rẹ̀ mọ́. Omi náà ń dá kún un. Koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí a dì lójú ẹsẹ̀, omi rẹ̀ á ro sísàlẹ̀ ọ̀rá, ibẹ̀ ni òórùn burúkú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé e láàárọ̀, ẹ sá a kó rọ. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, bí omi bá ṣì ń kán, kò tíì yá. Ìkin àti èèsún kò sì ní ṣúgà tó ti àgbàdo, wọ́n ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́: molásísì kílò 3 sí 5 nínú kílò 100, tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ tí a rin. Èèpo ẹ̀gẹ́! Òkìtì rẹ̀ ń rà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, wọ́n ń dáná sun ún, bẹ́ẹ̀ sísé tí a bá sé e mọ́ ń dín oró inú rẹ̀ kù.

Ọ̀rá tó nípọn ni kó wà nínú, kí àpò wà lóde, ká so ó pinpin, ká gbé e síbi tí oòrùn àti eku kò ti ní dé. Ọjọ́ 21, ó kéré tán. Ẹni tó ń ṣí i wò lọ́jọ́ karùn-ún kó lè mọ̀ bóyá ó ti ń jẹrà, òun gan-an ló mú un jẹrà. Tó bá jinná, kò ní dúdú, kò ní yọ̀, á máa ta sánsán kíkan. Èyí tó bá bu tàbí tó ń rùn, ẹ dà á nù, ó lè pa ẹran lára. Níbi yẹn, àwọn tó ń bẹ̀rù jàre. Ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀rá kékeré ju ká sé e sínú kòtò ńlá lọ: kòtò tí a bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, àmọ́ bí ọ̀rá kan bá bàjẹ́, ìyókù wà.

Àwọn tó ń wá kọ́ni ní sílèèjì náà lẹ́bi. Wọ́n á pín ọ̀rá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Wọn kì í padà wá ní Èrèlé nígbà tí wọ́n ń ṣí ọ̀rá.

Ẹ má sì sọ pé kò sérè níbẹ̀: ọjà wà fún wàrà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe Peak, ti ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní agbègbè Fáṣọlá àti Ìṣẹ́yìn. Ní oṣù Agẹmọ 2019, Godwin Emefiele, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé àwọn fẹ́ dín owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kó wàrà wọ̀lú kù. Lọ́dún yẹn kan náà, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fọwọ́ sí òfin tó ka dída ẹran káàkiri léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òfin kì í bọ́ màlúù. Bí igbó bá ti jó, ẹ̀gẹ́ ló kù tó tutù lóko, ibẹ̀ ni ebi ń darí ẹran sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Màlúù tó wọn kílò 250 ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 6 oúnjẹ lójúmọ́, tí a bá yọ omi kúrò. Bí sílèèjì bá dí ìdajì rẹ̀, kílò 10 ni, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fún oṣù mẹ́rin, kílò 1,200, ìyẹn àpò 30 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba kílò 40. Ẹni tó ní màlúù 60 kò lè ṣe é fún gbogbo wọn, mi ò sì ní kó ṣe é. Kó yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Àwọn náà á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á yí orí. Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní wàrà yóò máa rùn, ẹ fún wàrà tán kí ẹ tó gbé e fún màlúù.

Iṣẹ́ ni, kò rọrùn, darandaran tó ń tẹ̀ lé ẹran látàárọ̀ kò sì ráyè gé koríko ní oṣù Owewe. Àgbẹ̀ ráyè. Ó ní àdá, ó ní àgbàdo tó lè gé tigi-tọmọ kó tó gbó, ó ní èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń sun. Bó bá jẹ́ òun ló dì í, tó tà á ní gáà ní Ṣẹẹrẹ, iye owó àpò ni òun àti onímàlúù yóò jọ máa ná, kì í ṣe ẹjọ́ oko ẹ̀gẹ́ ní ààfin tàbí ní àgọ́ ọlọ́pàá.