Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ẹni: owó ta ni wọ́n fi rà á?

Àwọn àgbà ló ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Òwe yìí ló máa ń wà lẹ́nu àwọn tó ń gbèjà ọlọ́lá nígbàkígbà tí ọlọ́lá bá gbé ipò ńlá lé ọmọ tàbí ìbátan rẹ̀ lọ́wọ́. Òótọ́ lòwe náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ. Owó ta ni wọ́n fi ra ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún? Bó bá jẹ́ owó bàbá ọmọ ni, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Bó bá wá jẹ́ owó ìlú, owó ẹgbẹ́ tàbí òógùn àwọn òṣìṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bàbá àti ọmọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníṣòwò kéékèèké nílùú Igbódìgò, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, níjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, bó ṣe kan àwọn tó wà l'Ékòó àti l'Ábùjá. Ẹni tó ń fún epo, ẹni tó ń yan gàárì, ẹni tó ń ṣe púpurú tà, káfíńtà, télọ̀ àti ẹni tó ń ta símẹ́ńtì, kò sí èyí tí kò tíì ráhùn rí pé kí àwọn tó gbọ́ pé iṣẹ́ kan fẹ́ jáde, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó gba iṣẹ́ náà, èsì tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé ọmọ lágbájá ni. Ìbínú wọn tọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ olókìkí ló yẹ kí wọ́n bínú sí, torí pé ọ̀nà tí kálukú wọn gbà débẹ̀ kò rí bákan náà.

Aliko Dangote, tí wọ́n bí sílùú Kánò lọ́dún 1957, kì í ṣe ọmọ tálákà rárá. Alhassan Dantata, tó kú lọ́dún 1955, tí òwò obì àti ẹ̀pà sọ di gbajúmọ̀ olówó káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni bàbá bàbá ìyá rẹ̀. Nígbà tí Dangote fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀ láàárín ọdún 1977 sí 1978, ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ yìí náà ló ti rí owó. Àmọ́ owó yíyá ni, kì í ṣe owó ọ̀fẹ́, ó sì dá a padà. Ẹni tó bá sọ pé kì í ṣe àǹfààní ńlá nìyẹn ń parọ́, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní làákàyè ni kò lẹ́bí tó lè yá wọn lówó tó tó ra ọkọ̀ ẹrù kan. Síbẹ̀, bí ọjà tó kọ́kọ́ rà bá ti bàjẹ́, òun àti ẹbí rẹ̀ nìkan ni ì bá jẹ gbèsè náà. Kò sí owó ọlọ́jà Igbódìgò kankan nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Davido, ọmọ Adedeji Adeleke, olówó tó dá Yunifásítì Adeleke sílẹ̀ nílùú Ẹdẹ. Nígbà tí ọmọkùnrin náà fẹ́ gbé àkójọ orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012, Omo Baba Olowo ló pè é. Kò fi ilé tó ti wá pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ pàápàá ní dandan, àfi kó parí ìwé rẹ̀, ó sì gboyè nínú ẹ̀kọ́ orin ní Yunifásítì Babcock lọ́dún 2015. Owó bàbá lè sanwó ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, ó lè sanwó fídíò, ṣùgbọ́n kò lè fipá mú àwọn tó wà lóde ìnáwó n'Ígbódìgò kí wọ́n dìde jó. Àwọn tó ń ra orin ló dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti má rà á.

Ti ilé Fela tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú. Femi Kuti, tí wọ́n bí lọ́dún 1962, kọ́kọ́ jókòó sáàárín àwọn òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Egypt 80, ó ń fun sasofóònù bíi tàwọn yòókù, kó tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń jẹ́ Positive Force sílẹ̀. Seun, àbúrò rẹ̀, ti ń bá bàbá wọn jáde láti kékeré. Nígbà tí Fela kú lóṣù Kẹjọ ọdún 1997, ọmọ ọdún 14 péré ni Seun, òun náà ló sì di ẹni tó ń ṣíwájú Egypt 80. Orúkọ Fela ló jẹ́ káyé fẹ́ gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá di ti ìjọba, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní sáà kejì Gómìnà Rotimi Akeredolu nípìnlẹ̀ Oǹdó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2021, gómìnà náà fi ọmọ rẹ̀, Babajide, ṣe ọ̀gá àgbà àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó bí àwọn iṣẹ́ àkànṣe ìjọba ṣe ń lọ sí. Àwọn tó máa ń gbèjà irú ìyànsípò bẹ́ẹ̀ á ní ọmọ náà kàwé, ọmọ ìpínlẹ̀ náà lòun pẹ̀lú, kò sì yẹ kí ipò bàbá rẹ̀ dí i lọ́nà. Akeredolu ti dolóògbé lóṣù Kejìlá ọdún 2023, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá òkú jà. Bákan náà, ìbéèrè tó wà níbẹ̀ kò kan bóyá ọmọ náà mọṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti yẹ iṣẹ́ ìjọba wò. Bí ọmọ bá wá rí i pé iṣẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ gbé jáde kò dára, ta ló fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Bó bá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á ní ó dójú ti bàbá rẹ̀. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń bo bàbá rẹ̀ láṣìírí. Kódà bó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ìyànsípò tó bá fi ọmọ sáàárín bàbá rẹ̀ àti owó ìlú ṣàkóbá fún ọmọ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọjà pẹ̀lú. Alhaja Abibatu Mogaji, ìyá Bola Tinubu, ló ṣe olórí àwọn ọlọ́jà l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú lóṣù Kẹfà ọdún 2013. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Folashade Tinubu-Ojo, tó jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, fi di Ìyálọ́jà Èkó, nígbà tó sì yá, wọ́n ń pè é ní Ìyálọ́jà gbogbo Nàìjíríà. Lọ́dún 2025 tó lọ sí ààfin nílùú Benin lórí ọ̀rọ̀ ìyálọ́jà ìpínlẹ̀ Edo, Ọba Ewuare Kejì ṣàlàyé pé nílẹ̀ Benin, àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ló ń yan olórí tí wọ́n ń pè ní Iyeki, ààfin á sì fọwọ́ sí i. Ìlànà tí ọba yìí sọ yẹ kó yé gbogbo ẹni tó ní ìsọ̀ lọ́jà. Kò burú bí ọmọ tàbí ọmọ ọmọ ìyálọ́jà bá di ìyálọ́jà, bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń tajà ló jókòó tí wọ́n yàn án. Ìṣòro ibẹ̀ ni kí ọlọ́jà kàn jí lọ́jọ́ kan kó gbọ́ pé ó ti ní olórí.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá tàbí Nàìjíríà nìkan nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1961, John Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, fi Robert, àbúrò rẹ̀, ṣe olórí ẹ̀ka ètò ìdájọ́ orílẹ̀-èdè náà. Lọ́dún 1967, àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin tó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba má ṣe gba ìbátan rẹ̀ síṣẹ́ lábẹ́ ara rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ síbi tí ìfẹ́ ara rẹ̀ á ti máa forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Òfin ríra ọjà àti gbígbé iṣẹ́ jáde tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2007 náà fẹ́ kí wọ́n kéde iṣẹ́ sétí aráyé, káwọn tó bá lè ṣe é jọ du ú. Òfin wà. Ẹni tó máa béèrè bóyá wọ́n tẹ̀ lé e ló ṣọ̀wọ́n.

Oníṣòwò tó bá rò pé ìjà àwọn olóṣèlú lèyí, kó ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní wọ́n gbé iṣẹ́ àga ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ 1,000,000 náírà fún ọmọ olókìkí kan tí kò di òòlù mú rí. Ó yọ 400,000 náírà sápò, ó wá gbé 600,000 tó ṣẹ́ kù fún káfíńtà n'Ígbódìgò. Káfíńtà yìí ní ilé láti bọ́, kò lè kọ̀ ọ́. Pákó tó yẹ kó rà ti kọjá agbára owó ọwọ́ rẹ̀, ó ra èyí tó fúyẹ́. Kí ọdún tó yípo, àga ti ṣẹ́. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé kò mọ ẹni tó gba 400,000, káfíńtà tí wọ́n rí ni wọ́n mọ̀. Òun ni wọ́n á máa pè ní ẹni tí kò mọṣẹ́, bí iṣẹ́ mìíràn bá sì jáde, wọ́n á ní kí wọ́n lọ gbé àga wá láti Àkúrẹ́ tàbí Èkó. Bí ojúsàájú ṣe ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù èèyàn nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹni náà bá olóṣèlú kankan pàdé.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba ṣòdodo, kó wo inú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà. Ṣé kì í ṣe àwọn oníṣòwò kan náà ló máa ń mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí kò rán ṣòkòtò kan rí, lọ ṣe ọ̀gá lé ọmọṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí ẹ̀rọ lórí? Ọmọṣẹ́ náà kò ní jà. Á kàn kí ọ̀gá pé ó dàárọ̀, á lọ gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, àwọn oníbàárà á sì tẹ̀ lé e. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà ńkọ́? Bí akápò bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tó fẹ́ yáwó, ẹni yẹn á rówó kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nígbà tí ìyá arúgbó tó ti ń dáwó láti ọdún márùn-ún ṣì wà lórí ìlà. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà ìbàjẹ́ l'Ábùjá náà nìyẹn, iye owó ló yàtọ̀.

Àwọn kan á ní ẹ̀rù àjèjì ló ń ba àwọn, pé ọmọ ẹni kò lè ja ẹni lólè. Ẹni tó bá ti ṣòwò pẹ́ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ lásán bá kówó, èèyàn lè lé e lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni ló kó o, ìpàdé ẹbí ni wọ́n máa pè, wọ́n á bẹ̀ ọ́, wọ́n á ní kó o fi ọwọ́ wọ́nú, owó náà kò sì ní padà. Ó yẹ kí oníṣòwò ronú dáadáa kó tó gba ẹni tí kò ní lè lé lọ síṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó ní kí èèyàn má gbé òwò rẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ òwò ló ń kú pẹ̀lú ẹni tó dá a sílẹ̀ torí pé kò sí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun tó yẹ ni pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bíi ti gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́, kó gbálẹ̀, kó gbé ẹrù, kí ẹlòmíì tó mọṣẹ́ máa kọ́ ọ dípò bàbá rẹ̀. Kí wọ́n máa san iye kan fún un lóṣù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, kó má baà máa ti inú àpótí owó mú èyí tó wù ú. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n ṣòfin pé bí ìbátan òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ bá fẹ́ yáwó, òṣìṣẹ́ náà á dìde kúrò níbi tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà n'Ígbódìgò bá ti ṣe èyí nínú ilé tiwọn, ẹnu wọn á gbà á láti kọ̀wé sí káńsù l'Ókìtìpupa pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ jáde, iye wo ni, ta ló sì gbà á. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni, kò sì gba kí èèyàn jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni kó tó béèrè.